Ẹ̀rọ Ìgèdè Kò Dáhùn

Ẹ̀rọ mẹ́jọ dáhùn, ẹyọ kan kò dáhùn. Ọlátúbọ̀sún jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì wọn ní Ajílọ́sùn, ní Adó-Èkìtì, ó ń wò ó. Ìlà mẹ́jọ ní àwọ̀ ewé, ìlà kẹsàn-án pupa bí ata. Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ti Ìgèdè ni. Láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, ti Ìgèdè náà ni.

"Ó tún ti pupa," ni Ìbùkúnolúwa wí lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń jẹ ẹ̀pà, ó ń ju èèpo rẹ̀ sínú ike. "Bọ̀dá Túbọ̀sún, ẹ pe bàbá yẹn. Nọ́ńbà wọn wà lára ògiri."

"Mo rí i."

"Ẹ ti ń rí i láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Ṣé o wá rí i pé ojú mi kò ní àrùn."

"Ṣé kí n bá yín pè wọ́n?"

"Má bá mi pe ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ mi ni."

Ìbùkúnolúwa gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó padà sídìí tábìlì tirẹ̀. Ó ti mọ ọkùnrin náà tó láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòroó yé èèyàn. Ilé-iṣẹ́ Mádàámú Folúkẹ́ ló ń bá àwọn ilé-ìwé aládàáni ṣètò ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Ilé-ìwé mẹ́sàn-án ni wọ́n ń bójú tó: mẹ́ta ní Adó, ìyókù ní Ìyìn, Ìgèdè, Ìwòròkó, Ìfàkì, Ìlawẹ̀ àti Ìkéré. Wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá kan sí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan, òun ni wọ́n ń pè ní sáfà. Inú sáfà yìí ni ìbéèrè ìdánwò máa ń wà, ibẹ̀ ni àwọn kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ jókòó tì ti máa ń bù ú. Tí sáfà bá dákú, gbogbo kíláàsì á fọwọ́ lẹ́rán.

Ọlátúbọ̀sún ló ń tọ́jú wọn. Ọmọ ogójì ọdún ni, kò sì kàwé kọjá kíláàsì karùn-ún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló kọ́kọ́ ń tún ṣe, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí iṣẹ́ bátìrì àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìgbà tí ó sì wá fa wáyà sí ọ́fíìsì Mádàámú Folúkẹ́, kò lọ mọ́. Ó ń wo ọwọ́ àwọn tó ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń kọ ohun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, títí òun náà fi ń tẹ̀ ẹ́ láìwo ìwé. Fún ọdún mẹ́fà, bí iṣẹ́ tuntun bá dé, á gun alùpùpù rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, á jókòó sídìí sáfà kọ̀ọ̀kan, á tẹ àṣẹ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ mẹ́sàn-án a máa gbà á ní ọjọ́ mẹ́jọ. Nígbà mìíràn, tí ó bá fi máa dé Ìkéré, ó ti gbàgbé ohun tí ó tẹ̀ ní Ìfàkì, ẹ̀rọ méjì tí ó yẹ kí wọ́n jọra á wá yàtọ̀ bí ọmọ ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ìbùkúnolúwa ló mú irinṣẹ́ tuntun wọlé. Ansible ni orúkọ rẹ̀. Ìwé méjì ni èèyàn ń kọ fún un. Ìwé kìíní ni ìwé orúkọ, gbogbo ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ìlà kan fún ẹ̀rọ kan. Ìwé kejì ń sọ bí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ rí: ètò ìdánwò wo ló gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, aago wo ló gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé, ta ló lè wọlé sí i. Èèyàn á wá tẹ àṣẹ kan ṣoṣo láti Ajílọ́sùn, irinṣẹ́ náà á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi hàn án, Ọlátúbọ̀sún jiyàn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú.

"O ò sọ ohun tó máa ṣe fún un. O kàn sọ bó ṣe yẹ kó rí. Ta ló máa wá ṣe é?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni."

"Tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní fọwọ́ kàn án. Á fi àwọ̀ ewé sọ fún yín pé ó ti dáa, á kọjá lọ."

Kò gbà á gbọ́. Ó tẹ àṣẹ kan náà nígbà mọ́kànlá, ó ń dúró de ìgbà tí yóò ba nǹkan jẹ́. Nígbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni irinṣẹ́ náà wo àwọn ẹ̀rọ, tí ó rí i pé wọ́n wà bí ó ṣe yẹ, tí ó sì kọjá.

"Ẹ̀rọ tí ẹnì kan bà jẹ́ lánàá ńkọ́? Kò ní béèrè ẹni tó bà á jẹ́?"

"Kí ló kàn án, Bọ̀dá mi? Bó ṣe rí báyìí àti bó ṣe yẹ kó rí, ohun tó ń wò nìyẹn. Á tún un ṣe."

Ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ́ Ọlátúbọ̀sún lọ́rùn. Tó bá jẹ́ òun ni, òun á fẹ́ mọ ẹni tó bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ. Ó bá ìwé kejì yẹn jà fún odindi ọjọ́ méjì nítorí àyè kan ṣoṣo tí kò fi sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìlà, kò sì jẹ́ kí Ìbùkúnolúwa fi hàn án, àfìgbà tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Láàárín oṣù kan, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́jọ ti di iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó kù báyìí ni ìjókòó. Ìbùkúnolúwa ń lọ sí Ìbàdàn ní ìparí oṣù, iṣẹ́ mìíràn ti wà fún un níbẹ̀. Ẹni tí yóò jókòó sí ìjókòó rẹ̀ ni yóò jẹ́ olórí gbogbo ẹ̀rọ. Mádàámú Folúkẹ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ó ní, "Túbọ̀sún, ọmọ àbúrò ọkọ mi kan wà ní Àkúrẹ́, ó kàwé gboyè lórí iṣẹ́ yìí. Ìwọ ni mo fẹ́, torí o mọ ẹ̀rọ wa. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò ìgbáradì. Tí ilé-ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án bá ṣe é láìsí wàhálà, ìjókòó di tìrẹ. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mà á pe ọmọ yẹn."

Fún ìdánwò ìgbáradì yìí, ètò tuntun ló gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo sáfà. Ètò àtijọ́ kò lè ṣí àwọn ìbéèrè náà. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ti gbà á. Ti Ìgèdè nìkan ló kù.

Ìdí tí Ìgèdè kò fi ń dáhùn kò fara pamọ́. Bàbá tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà níbẹ̀ kì í fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí iná. Láti ọdún tí ààrá ti jó tẹlifíṣọ̀n ilé-ìwé wọn, gbogbo ohun tó bá ní wáyà ló máa ń yọ kúrò lára ògiri tí iṣẹ́ bá ti parí, kò sì ní dá a padà àfi tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ lò ó. Irinṣẹ́ kankan kò lè dé ara ẹ̀rọ tí kò sí lórí iná. Ìpè kan péré ni gbogbo rẹ̀. Kí èèyàn pe bàbá náà, kí ó ní, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ lórí iná lónìí.

Bàbá náà ni Akínbọ́lá. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì ni. Òun náà ni ọ̀gá ilé-ìwé tí Ọlátúbọ̀sún ti kúrò ní kíláàsì karùn-ún.

Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, kò sì tíì gbó lọ́kàn Ọlátúbọ̀sún. Ilé-ìwé ra bọ́ọ̀lù tuntun, bọ́ọ̀lù náà sọnù. Ẹnì kan ní òun rí Ọlátúbọ̀sún pẹ̀lú rẹ̀ kẹ́yìn. Ọ̀gá mú un jáde níwájú gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní àárọ̀, ó ní kó kúnlẹ̀, ó nà án, ó sì ní kí àwọn ọmọ wo bí olè ṣe rí. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rí bọ́ọ̀lù náà lórí òrùlé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sí ẹni tó mú Ọlátúbọ̀sún jáde lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó sọ ohunkóhun fún àwọn ọmọ. Ó padà sílé, ó ní òun kò lọ mọ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó fi ẹran bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Wọ́n wá mú un lọ kọ́ṣẹ́ ní Adó.

Ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun kò ní kí ọkùnrin náà mọ́ láyé. Ìgbà tí ó lọ gbé sáfà kalẹ̀ ní Ìgèdè ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ó gba ojú fèrèsé rí bàbá náà, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde. Láti ìgbà náà, Ọjọ́bọ̀ nìkan ló ń lọ síbẹ̀, torí ní Ọjọ́bọ̀ ni bàbá máa ń wá sí Adó fún ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Mẹ́gàádì á ṣí yàrá fún un, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe é lọ́dún mẹ́ta, bàbá kò sì mọ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ní Ọjọ́bọ̀, ó tún gun alùpùpù rẹ̀. Ó kọjá ní Ìyìn, ó dé Ìgèdè, ó yà sí ọ̀nà ilé-ìwé. Láti ẹnu géètì ló ti rí bàbá lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá kọ̀ǹpútà, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó ń bó ọsàn.

"Bàbá ò lọ sí ìpàdé lónìí?" ni ó bi mẹ́gàádì.

"Wọ́n sún un síwájú. Ẹ wọlé, wọ́n wà níbẹ̀."

"Rárá. Mo gbàgbé nǹkan sí Adó."

Ó yí alùpùpù padà. Ní Ìyìn, ó dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, inú ń bí i sí bàbá náà pé ó jókòó níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ìlà kẹsàn-án ṣì pupa, Mádàámú Folúkẹ́ sì ń bọ̀ wá wò ó ní aago mẹ́rin. Ìbùkúnolúwa ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé tí èèyàn bá fẹ́ kí irinṣẹ́ náà fo ìlà kan, àmì kan wà tí a máa ń fi síwájú rẹ̀, àmì tó dà bí irin ojú fèrèsé. Ọlátúbọ̀sún ṣí ìwé orúkọ. Ó fi àmì náà síwájú Ìgèdè. Ó tẹ àṣẹ. Ìlà mẹ́jọ jáde, gbogbo wọn ní àwọ̀ ewé. Irinṣẹ́ náà kò béèrè ibi tí ìkẹsàn-án wà.

Mádàámú Folúkẹ́ wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ léjìká, ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú kọ̀ǹpútà.

"Mi ò rí pupa mọ́."

"Kò sí, mà."

"Gbogbo wọn ló dáhùn?"

"Gbogbo ẹ̀rọ tí mo ránṣẹ́ sí ló dáhùn, mà."

"O ṣeun. Ẹ jẹ́ ká sinmi dáadáa, ọjọ́ Ajé ti dé tán."

Ète rẹ̀ kò burú lójú ara rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìdánwò. Dandan ni kí bàbá fi ẹ̀rọ sórí iná láti aago méje ààbọ̀. Òun á yọ àmì náà, á ránṣẹ́ láti Ajílọ́sùn, ní ìṣẹ́jú márùn-ún ètò tuntun á ti wọlé, ìdánwò á bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, òun kò sì ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìbùkúnolúwa ti lọ sí Ìkéré láti máa wo ìdánwò ibẹ̀, Mádàámú wà ní ilé-ìwé kan ní Òkè-Ìlá, ní Adó níbẹ̀. Ọlátúbọ̀sún nìkan ló wà ní ọ́fíìsì. Ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó yọ àmì, ó tẹ àṣẹ. Ìgèdè pupa. Ó dúró títí di aago mẹ́jọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó pupa. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pupa náà ni. Ó dìde, ó jókòó. Nígbà tí ó kọjá ogún ìṣẹ́jú, fóònù ọ́fíìsì dún.

"Hẹ́lò. Ṣé ilé-iṣẹ́ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìyẹn?"

Ó dá ohùn náà mọ̀ kí gbólóhùn náà tó parí. Ó ti fẹ́lẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ni.

"Òun ni."

"Akínbọ́lá ló ń sọ̀rọ̀, láti Ìgèdè. Ẹ káàárọ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọlátúbọ̀sún ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn bàbá náà.

"Mo ní ẹ káàárọ̀."

"Mo gbọ́. Ṣé ẹ̀rọ wà lórí iná?"

"Ẹ̀rọ wà lórí iná. Láti aago méje ló ti wà. Ìbéèrè ni kò ṣí. Ọmọ mẹ́tàlélógójì ló wà níbí. Ṣùgbọ́n ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọn kì í kí èèyàn ní ulé yín ni? Èmi àgbà ni mo kọ́kọ́ kí ọ, o dá mi lóhùn bí ẹni ń lé ewúrẹ́."

Ọlátúbọ̀sún la ẹnu. Ó fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ó tún pa ẹnu dé.

"O ò tíì sọ nǹkan kan," ni bàbá wí. "Ó dáa. Ìgbà tí o bá rántí bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, kí o pè mí."

Ó pa fóònù.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Ọlátúbọ̀sún ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá ti fi sáfà sórí iná, ṣùgbọ́n àpótí kékeré tó ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé ṣì wà ní ìdákú níbi tí ó ti yọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń sọ fún un pé ọ̀kan kò wúlò láìsí èkejì. Ẹni tó yẹ kó sọ fún un ló ń gba ẹ̀yìn ilé jáde.

Ó pe mẹ́gàádì. Mẹ́gàádì ní bàbá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ, pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lọ́jọ́ ìdánwò, kódà tí ó bá jẹ́ òun. Ó ronú alùpùpù. Tí ó bá sáré bí i pé wọ́n ń lé e, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni, á bá aago mẹ́sàn-án níbẹ̀, á sì bá bàbá níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó ronú Mádàámú Folúkẹ́. Mádàámú lè pe bàbá, ṣùgbọ́n ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni ìdí tí ètò tuntun kò fi sí ní Ìgèdè láti ọjọ́ Ẹtì.

Ó wo nọ́ńbà tó wà lára ògiri. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù dún nígbà mẹ́rin kí bàbá tó gbé e, ó sì dá Ọlátúbọ̀sún lójú pé ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dún nígbà mẹ́rin ni.

"Hẹ́lò."

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Káàárọ̀, ọmọ mi. Ṣé o jí ire?"

"A dúpẹ́, sà."

"Àwọn ará ulé ńkọ́? Ìyàwó?"

"Wọ́n wà, sà."

"Àwọn ọmọ?"

"Dáadáa ni wọ́n wà, sà."

"Uṣẹ́ ńkọ́?"

"Uṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ wa yìí, sà," ni Ọlátúbọ̀sún dáhùn, láìmọ̀ pé èdè Ìgèdè ni ó fi sọ ọ́. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo igun yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àpótí funfun kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní ìwo méjì."

"Mo rí i. Èyí tí mo máa ń fi aṣọ bò."

"Ẹ ṣí aṣọ náà kúrò. Ṣé ojú rẹ̀ tàn?"

"Kò tàn. Ó ti pẹ́ tí mo ti yọ ọ́. Ààrá ń sán, o mọ̀ pé a kò lè fọkàn tán iná."

"Ẹ dá wáyà rẹ̀ padà sára ògiri, sà."

Ó gbọ́ bí bàbá ṣe ń wọ́ àga, tí ó ń mí. Ó gbọ́ ọmọ kan tó rẹ́rìn-ín, tí bàbá sì sọ pé kó dojú kọ iwájú.

"Ó ti tàn. Ó ń ṣẹ́jú."

"Ẹ jẹ́ kó ṣẹ́jú. Ojú mẹ́rin ló ní. Tí ìkẹta bá dúró tí kò ṣẹ́jú mọ́, ẹ sọ fún mi."

Wọ́n dúró. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì.

"Ohùn rẹ kì í ṣe ti ará Adó," ni bàbá wí. "Ará Ìgèdè ni ọ́. Ọmọ ìsì?"

Ọlátúbọ̀sún lè pa irọ́ mọ́ ọn. Ọ̀nà mẹ́wàá ló wà tí ó lè gbà sá fún ìbéèrè náà.

"Ọlátúbọ̀sún ni mí. Ọmọ Màmá Elépo ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì."

Ariwo àwọn ọmọ nìkan ni Ọlátúbọ̀sún ń gbọ́.

"Ìkẹta ti dúró," ni bàbá wí nígbà tó yá. "Kò ṣẹ́jú mọ́."

Ọlátúbọ̀sún tẹ àṣẹ. Ìlà Ìgèdè kò pupa. Irinṣẹ́ náà ti rí ẹ̀rọ, ó rí i pé ètò àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ó ti ń gbé tuntun lọ. Íńtánẹ́ẹ̀tì Ìgèdè kò yára. Ó kàn ń fà á díẹ̀díẹ̀.

"Ó ń wọlé, sà. Ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Ọlátúbọ̀sún ti kíláàsì karùn-ún," ni bàbá wí.

"Òun náà ni."

"Bọ́ọ̀lù yẹn. A rí i lórí òrùlé."

"Mo gbọ́ nígbà náà."

"Mo wá sí ulé yín lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ ní o ti wà ní Adó."

"Ẹ wá sílé," ni Ọlátúbọ̀sún wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Iwájú gbogbo ilé-ìwé lẹ ti nà mí. Ilé lẹ wá wá mi sí. Ẹ ò sọ fún wọn."

"Mi ò sọ fún wọn." Bàbá mí. "Ojú ń tì mí níwájú àwọn tíṣà tí mo jẹ́ ọ̀gá fún. Mo ní mà á sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di táàmù, o sì ti lọ. Bó ṣe rí nìyẹn."

Ọlátúbọ̀sún ti kó ọ̀rọ̀ jọ de ọkùnrin yìí fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Orí alùpùpù ló ti máa ń tún wọn tò, láàárín Ìyìn àti Adó. Ó wá èyí tí ó bá ohun tí bàbá sọ yìí mu, kò rí i. Ìlà Ìgèdè yí padà sí àwọ̀ iyeyè tó pọ́n, ìyẹn ni pé ohun tí kò dọ́gba ti dọ́gba báyìí.

"Ó ti wọlé, sà. Ẹ ní kí ọmọ kan ṣí ìbéèrè."

Ó gbọ́ bí bàbá ṣe pe ọmọ kan.

"Ó ṣí," ni bàbá wí. "Ó ṣí fún gbogbo wọn."

"Ẹ má yọ àpótí funfun yẹn lónìí."

"Títí di aago mélòó?"

"Títí tí mà á fi pè yín."

"Mo ti gbọ́."

Ọlátúbọ̀sún kò sọ pé òun dárí jì í. Kò sì sọ pé òun kò dárí jì í. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó rí i pé aago mẹ́sàn-án ti kọjá ìṣẹ́jú méje.

Ní aago mẹ́rin, Mádàámú Folúkẹ́ pe gbogbo wọn jọ sí yàrá iwájú. Àwọn mẹ́fà ni, àti Ìbùkúnolúwa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkéré dé pẹ̀lú eruku lára bàtà rẹ̀. Inú Mádàámú dùn. Ilé-ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án ti parí. Ìgèdè nìkan ló pẹ́ ní ìṣẹ́jú méje.

"Ìṣẹ́jú méje kì í ṣe nǹkan kan," ni ó wí. "Túbọ̀sún, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìjókòó yẹn—"

"Mà, ẹ dúró ná."

Gbogbo wọn wò ó. Kì í ṣe ẹni tó máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn.

"Ètò tuntun kò sí ní Ìgèdè lọ́jọ́ Ẹtì nígbà tí ẹ wá. Mo yọ Ìgèdè kúrò nínú ìwé orúkọ kí ẹ má bàa rí pupa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì dá yín lóhùn bí ẹni tó ń sọ òótọ́. Aago mẹ́sàn-án òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé."

Mádàámú Folúkẹ́ fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. "Kí ló dé tí o kò lè sọ fún mi pé bàbá yẹn tún ti yọ iná?"

"Mi ò fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mà."

"Nítorí kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Èmi ni mo ni ín."

"Ọmọ mẹ́tàlélógójì," ni Mádàámú wí. Kò pariwo. "Kí o fi pupa hàn mí, Túbọ̀sún, ó burú tó báwo? Mo lè bá pupa ṣiṣẹ́. Àwọ̀ ewé tí ìwọ fúnra rẹ kùn, kí ni kí n fi ṣe?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín díẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sì tètè dákẹ́. Ó dun Ọlátúbọ̀sún pé wọ́n bá a sọ ọ́ níwájú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló mú un wá síwájú wọn. Ó wo ẹni tó rẹ́rìn-ín náà, ó mọ̀ pé òun á rántí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ìdánwò gidi ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni Mádàámú wí nígbà tó yá. "Mi ò ní pe ọmọ Àkúrẹ́. Jókòó sí ìjókòó yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà, ṣùgbọ́n mi ò tíì fún ọ. Ìwọ nìkan kò sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìwé orúkọ yẹn mọ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Nígbà tí àwọn yòókù túká, ó lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ìbùkúnolúwa ń bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń gbọn eruku rẹ̀ dànù sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ kú orí líle o, Bọ̀dá Túbọ̀sún," ni ó wí. "Wọ́n ti ń gbé e fún yín, ẹ tún tì í padà."

"Wá síbí. Ohun kan wà tí o kò tíì kọ́ mi. Mo gbọ́ pé èèyàn lè ṣe é kí ẹnikẹ́ni má lè yí ìwé orúkọ padà, àfi tí ẹlòmíràn bá kọ́kọ́ wò ó tó sì gbà."

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa wà níbí. Ṣé ẹ fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín síta ni?"

"Mo mọ ara mi," ni Ọlátúbọ̀sún wí. "Orúkọ Mádàámú ni kí a fi sí i."

Ìbùkúnolúwa wò ó díẹ̀ bóyá ó ń ṣe àwàdà. Kò ṣe àwàdà. Ọmọbìnrin náà fa àga kan, ó jókòó tì í láìwọ bàtà.

"Ó dáa. Ẹ fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́. Mi ò ní tẹ̀ ẹ́ fún yín."

"Ta ló ní kí o tẹ̀ ẹ́ fún mi?"